Papa Bonjour Kò Ṣubú

Bàbá àgbà mi kò ṣubú. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ nìyí kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn nípa rẹ̀, nítorí pé bí ó bá lè dìde nínú sàréè lónìí, ohun tí yóò kọ́kọ́ bá wa jà lé lórí nìyẹn. Níbi ìsìnkú rẹ̀, àwọn tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ń sọ̀rọ̀ nípa “ọjọ́ tí Papa ṣubú,” ìjọ ń mi orí, àwọn obìnrin ń nu ojú. Mo jókòó ti Ìyá àgbà, inú ń bí mi bí ẹni tí wọ́n ń purọ́ mọ́. Wọn kò purọ́ o. Ohun tí ojú wọn rí ni ẹnu wọn sọ. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì mọ ohun tí ó ṣe. N óò dé ibẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wò mí bí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé mo ń pe bàbá tó bí bàbá mi ní “ó.” Nílé, “wọ́n” ni mo ń pè é títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọ “wọ́n” níhìn-ín, ẹ kò ní mọ ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀ àwọn ará abúlé. Òun gan-an kò ní gbà fún mi. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó dé Douala nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ó sì ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ní àdúgbò New Bell títí bàbá mi fi dàgbà tó láti gba ṣọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ojúgbà rẹ̀ nínú ìjọ ń múra láti padà sílé, òun lọ ra ilẹ̀ sí abúlé kan tó jìnnà kọjá Logbaba ní ìpẹ̀kun Douala, níwájú ibi tí ọ̀dà títì parí sí. Ó gbin kòkó, ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ó ní ilẹ̀ tó bá ti gba irúgbìn òun, ilé òun ni. N kò ní dárúkọ abúlé náà, nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ kò rán mi níṣẹ́ pé kí n máa ròyìn àwọn kiri. Ẹ̀yà Basáà ló pọ̀ jù nínú wọn, ìdílé Yorùbá kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ sì ni tiwa. Èmi ń gbé Logbaba, mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté, ṣùgbọ́n bí Sátidé bá ti fún mi láàyè, abúlé ni mo ń sá lọ.

Papa Bonjour ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹ mọ bí a ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wa: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú ìrìn. Bàbá àgbà kò rí ìdí tí èdè Faransé fi gbọdọ̀ gba ọrọ̀ yìí mọ́ òun lọ́wọ́. Faransé rẹ̀ kò dára, kò sì tijú rẹ̀. Ó kàn ń da ìkíni Yorùbá sínú rẹ̀ ni. “Bonjour du travail” ni fún ẹni tó ń roko. Bí òjò bá rọ̀, á ní “Bonjour de la pluie.” Ìyá arúgbó tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ gba “Bonjour d’assis.” Àwọn ọmọdé abúlé a máa fi ṣe ẹlẹ́yà, wọn a máa kí ewúrẹ́ àti adìyẹ. Kò bínú sí wọn. Ó ní ohun tó bá ti wọ ọmọdé lẹ́nu, kò ní jáde mọ́.

Ọ̀yàyà lásán ni mo pè é tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí olè bẹ̀rẹ̀ sí í da abúlé náà láàmú ni mo tó rí i pé iṣẹ́ ni ìkíni náà ń ṣe. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé lóko olóko. Lẹ́yìn náà ó kan ewúrẹ́, ó kan epo pupa, ó wá dé orí kòkó tí ènìyàn sá sóòrùn. Àwọn jándáàmù, ìyẹn ọlọ́pàá ìgbèríko, jìnnà, ọ̀nà sì burú. Kí wọ́n tó dé, ẹrù ti dé Douala, ó ti wọ ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin méjì gun alùpùpù wọ abúlé, àdá wà lẹ́yìn wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Bàbá àgbà jáde sójú ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn. Ó kí wọn kú ìrìn, ó kí wọn kú òwúrọ̀, ó béèrè ìyá wọn, ó béèrè abúlé tí wọ́n ti ń bọ̀ àti orúkọ baálẹ̀ ibẹ̀, ó ní ṣé òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ó pe Ìyá àgbà kó bu omi fún àlejò. Ó pe aládùúgbò kó wá bá òun kí àlejò. Àwọn yẹn mu omi, wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n ní àwọn ṣìnà ni, wọ́n sì yí alùpùpù padà. Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé olè ni wọ́n. Ó ní òun kò mọ̀. Bí wọ́n bá sì jẹ́ ọmọlúàbí, kí ni ìkíni gbà lọ́wọ́ wọn? Ó wá ní, “Ẹni tí o bá kí, o ti rí i. Olè kò fẹ́ kí a rí òun.”

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé abúlé. Ó ní kí ó má ṣe sí àjèjì kan tí yóò gba àárín ìlú kọjá láìjẹ́ pé ilé kan kí i, kí wọ́n sì béèrè ẹni tó wá rí. Àwọn àgbà Basáà kan ní òfófó nìyẹn, pé ọ̀nà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ó fara balẹ̀ gbọ́ wọn. Ó ní òun kò ní kí wọ́n dá ẹnikẹ́ni dúró, kí wọ́n kàn kí i ni, kí wọ́n sì wò ó lójú bí wọ́n ṣe ń kí i. Nígbà tí ó yá, ìyá tó ń gún ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé gbé odó rẹ̀ wá síwájú, ẹni tó ń hun agbọ̀n náà gbé àpótí rẹ̀ wá. Abúlé tí gbogbo ènìyàn ti ń kọ ẹ̀yìn sọ́nà wá kọjú sí i.

Bí mo bá ń ròyìn rẹ̀ báyìí, ẹ ó rò pé ẹni mímọ́ ni. Ìyá àgbà yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà le, ó sì fẹ́ràn àṣẹ pípa. Nígbà tí àwọn kan já fóònù gbà lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó ń ti odò bọ̀, níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà sínú igbó, ó ní gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà odò ni a ó ro, kí a lè máa rí ẹni tó bá ń bọ̀ láti ilé. Òun ló ṣíwájú pẹ̀lú àdá, àwọn ènìyàn sì bá a ṣe é. Ó ro ọ̀nà odò, ó ro ọ̀nà oko, ó wá ń ro bọ̀ títí ó fi dé iwájú ilé ara rẹ̀, ó sì bẹ́ ewúro tí Ìyá àgbà fi ṣe ọgbà yí ilé ká lulẹ̀. Ó ní ewúro náà ń bo ojú ọ̀nà. Ìyá àgbà dé láti ìjọ, ó wo ilẹ̀, kò bá a sọ̀rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí. Èmi ló wá sọ ti ẹnu rẹ̀ fún: “Láti ọjọ́ tí mo ti dé abúlé yìí, olè kò jí ewúro mi rí. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ jí i.”

Bàbá àgbà gbin òmíràn sẹ́yìn ilé, ó sì ń bu omi rin ín fúnra rẹ̀ láràárọ̀, ṣùgbọ́n kò bẹ Ìyá àgbà. Kì í bẹ̀bẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ rí kí ó ní “ẹ má bínú” fún ẹnikẹ́ni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ẹni tó sì jù ú lọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀. Ipò àgbà kì í ṣe ohun eré lójú rẹ̀ rárá. Àbúrò mi ọkùnrin, tí wọ́n bí sí Douala tí Yorùbá rẹ̀ kò ju “jẹun” àti “wá” lọ, jókòó sórí àga lọ́jọ́ kan, ó ní “Bonjour, Papy.” Bàbá àgbà ní kó jáde padà síta, kó tún wọlé wá bí ọmọ ènìyàn. Ó wọlé, ó tẹ̀ díẹ̀, ó fi ìka ọwọ́ kan kan ilẹ̀, bó ṣe rí i tí àwọn èwe ìsinsìnyí ń ṣe. Bàbá àgbà tún dá a padà. Ó di ìgbà tí ọmọ náà nà gbalaja kó tó dá a lóhùn. “Àyà ló ń kan ilẹ̀,” ni ó wí fún un. “Ìka kì í kíni.”

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ abúlé ló le jù fún un. Wọ́n dá ẹgbẹ́ aṣọ́lùú sílẹ̀, comité ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì fi Étienne ṣe olórí rẹ̀. Ọmọ tó ṣe é bí lọ́mọ-ọmọ ni Étienne, alágbára ni, oníṣẹ́ ọwọ́ rere, inú sì ń bí i. Ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Kòkó tó sá sílẹ̀ tí ó fẹ́ tà láti fi gbé ìyá rẹ̀ lọ fún iṣẹ́ abẹ ojú ni wọ́n kó tán lórí ẹní. Kí kòkó mìíràn tó pọ́n, ojú ìyá náà ti fọ́. N kò rí ẹni tó lè wo obìnrin yẹn bó ṣe ń táràrà ògiri kí ó wá ní kí ọmọ rẹ̀ ṣe sùúrù.

Bàbá àgbà ní kó ṣe sùúrù. Àwọn méjèèjì jiyàn lójú mi níwájú ilé wa. Étienne ní wọ́n ti fa olè lé àwọn aláṣẹ lọ́wọ́ rí. Kò pẹ́, wọ́n tún rí ẹni náà lọ́jà tó ń juwọ́ sí wọn. Ó ní èyí tí ọwọ́ àwọn bá tún tẹ̀, táyà àti epo bẹntiróòlù ni yóò bá a ṣẹjọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dúró tì í pariwo pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Douala mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Bàbá àgbà kò bá wọn sọ̀rọ̀ Bíbélì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti rò pé yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ẹ ronú. Kò sẹ́ni tó ń jí kòkó láti fi se ọbẹ̀. Ẹnìkan wà tó ń rà á. Bí ẹ bá pa olè, ẹ ti pa ẹnu tó máa dárúkọ ẹni yẹn fún wa.” Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Étienne. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú, ó sì lọ.

Ọwọ́ tẹ olè ní ọ̀sán Sátidé kan. Mo wà níbẹ̀, èmi àti Ìyá àgbà ń bó ìbẹ́pẹ níwájú ilé. Ariwo náà kì í ṣe ariwo ìjà, ìjà kì í ní ìró bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbà dìde lórí àga, ó sì ń lọ kíákíá ju bí mo ti rí i rìn láti ìgbà pípẹ́. Mo sáré tẹ̀lé e.

Désiré ni orúkọ ọmọ náà. Láti Douala ló ti wá, kò tíì pé ẹni tó yẹ kí ó ní irùngbọ̀n. Wọ́n ká àpò kòkó mọ́ ọn lórí alùpùpù, kò sì lè sọ pé ti òun ni. Wọ́n ti nà án dé ibi tí ojú rẹ̀ kan ti dí. Táyà ti wà lọ́rùn rẹ̀. Étienne dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù, ó ti ṣí i, díẹ̀ ti ta sí i lọ́wọ́. Gbogbo àwọn tó yí wọn ká ni mo mọ̀. Àwọn ni mo ń bá ṣeré, àwọn ló ń fún mi ní àgbọn gbé lọ sílé. Ẹ̀rù wọn bà mí.

Bàbá àgbà la àárín wọn kọjá. Ó kí wọn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Láti ìgbà tó ti dé abúlé yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò kí ènìyàn tí kò ní gba èsì. Ó tún kí. Étienne kò wò ó. Ó ní, “Papa, go house. This one no be ya palaver.”

Bàbá àgbà ṣí fìlà rẹ̀. Ó nà án sí mi, ó ní, “Bá mi mú un, Àbẹ̀kẹ́.” Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ fún Étienne.

Kì í ṣe ìka o. Ó nà gbalaja sínú ẹrẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ojú rẹ̀ dé ibi bàtà Étienne. Bàbá tó bí bàbá mi. Ẹni tí kò bẹ ìyàwó rẹ̀ nítorí ewúro. Èèwọ̀ ni ohun tí mo ń wò, nínú gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀, èmi nìkan ló sì mọ̀ ọ́n.

Àwọn yòókù rò pé ó ṣubú ni. Obìnrin kan lọgun pé “Papa est tombé!” Étienne ju kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, epo náà dà sínú ẹrẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ ó gbá Bàbá àgbà mú léjìká. Ẹnìkan ní ọkàn rẹ̀ ni, kí wọ́n tú bọ́tìnnì rẹ̀. Ẹnìkan ń fi ewé fẹ́ ẹ. Ìyàwó baálẹ̀ gbé korobá omi dé, ó dà á lé e lórí. Àwọn tó fẹ́ dáná sun ènìyàn ní ìṣẹ́jú tó kọjá ń sáré kiri, wọ́n ń wá baálẹ̀ kí ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé bàbá arúgbó lọ sí ọsibítù. Wọ́n gbé e dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀. Wọ́n tún gbé e, ó tún padà sílẹ̀, ó ń fi Yorùbá bínú sí wọn pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀, òun kò ṣubú.

Étienne gbójú sókè sí mi, ó fẹ́ mọ ohun tí ó ń wí. “Sista, weti e di talk?”

Mo sọ fún un. Mo ní kò ṣubú. Mo ní lọ́dọ̀ wa, ọmọ ló ń fi àyà kan ilẹ̀ fún àgbà, kò sẹ́ni tó tíì rí i kí àgbà ṣe é fún ọmọ. Mo ní ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀, lẹ́yìn irú èyí kò sì sí ẹ̀bẹ̀ mìíràn tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ariwo wọn bo ohùn mi, àwọn tó sún mọ́ wa nìkan ló gbọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé títí di òní, ìdajì abúlé ń sọ pé ó ṣubú.

Étienne wo ọwọ́ rẹ̀, tí ó ń rùn fún epo. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sì bọ́ táyà náà kúrò lọ́rùn Désiré fúnra rẹ̀. Nígbà yẹn ni Bàbá àgbà tó gbà kí wọ́n gbé òun dìde. Ẹrẹ̀ kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wo gbogbo wọn, ó ní, “Ẹ ṣeun. Ó yá, ẹ dè é dáadáa kí ó má baà sá lọ.”

Ó bá ọmọ náà wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ baálẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn jándáàmù, pẹ̀lú aṣọ tútù lára, ó sì jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Désiré dárúkọ ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn. Oníṣòwò kan ni, tó ń gbé ọkọ̀ ńlá wá sí abúlé náà ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn. Kò sẹ́ni tí Bàbá àgbà ń kí dáadáa tó o. Obì ló máa ń fún un. Àwọn jándáàmù mú un. Ìròyìn náà dé bá Bàbá àgbà níbi tó ti ń jẹun, ó sì ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Mo kí i, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo kí ọkọ̀ rẹ̀ pàápàá,” ni ó wí. “N kò béèrè oko ẹni tí kòkó ti wá.”

Lẹ́yìn ìyẹn ni abúlé pinnu pé kò sí ẹni tí yóò ta kòkó lẹ́yìnkùlé mọ́. Iwájú ilé baálẹ̀ ni títà àti rírà, ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo ènìyàn, kí olóko fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ti òun ni. Olè kò tán pátápátá, irọ́ ni n óò pa bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá kòkó sílẹ̀ lọ sí ìjọ.

Bàbá mi kò rí ọ̀rọ̀ náà bí mo ti rí i. Nígbà tí ó gbọ́ ní New Bell, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wá sí abúlé, ó bá baba rẹ̀ jà. Ó ní ṣé kò sí ẹlòmíràn tí wọ́n lè dọ̀bálẹ̀ fún ju ọmọ ọlọ́mọ nílẹ̀ onílẹ̀, nítorí olè? Ó ní ojú wo ni òun yóò fi wo àwọn ará ilé bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé Ògbómọ̀ṣọ́? Bàbá àgbà jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ní, “Àyà mi ni mo fi kan ilẹ̀. N kò fi tìrẹ kàn án.” Bàbá mi sùn síbẹ̀, ó sì bá a roko ní ọjọ́ kejì.

Désiré lọ sí ẹ̀wọ̀n ní New Bell. Bí Bàbá àgbà bá wá sí ìjọ ní Sọ́ńdè, á yà kí i, á mú ọṣẹ lọ́wọ́. Nígbà tí ọmọ náà jáde, kò wá dúpẹ́, kò wá sí abúlé, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó dùn mí. Mo sọ ọ́ fún Bàbá àgbà pé aláìmoore ni. Ó ní, “Ẹ̀mí rẹ̀ ni mo bẹ̀ fún. N kò bẹ̀ fún ìwà rẹ̀.”

Étienne ni ó gbà á lọ́kàn. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, Étienne ń yẹra fún ilé wa. Bí ó bá rí Bàbá àgbà lókèèrè, á gba inú oko. Àwọn kan ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò ní olórí ẹgbẹ́, wọ́n rò pé Bàbá àgbà yóò bá wọn fọwọ́ sí i. Ó kọ̀. Ó ní kò sí ẹlòmíràn tó yẹ. “Òun ló mọ ohun tí olè ń jí,” ni ó wí ní ìpàdé. Nígbà tí Étienne gbọ́, ó wá sí ilé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó bá wa jókòó. Bàbá àgbà kí i “Bonjour d’assis.” Wọ́n jọ ń wo ọ̀nà.

Bàbá àgbà kú ní ìgbà òjò, lórí ibùsùn rẹ̀, lẹ́yìn àìsàn tí kò pẹ́. A ṣe ìsìn ní ìjọ ní New Bell, a sì sin ín sí abúlé, nínú oko rẹ̀. Étienne wà lára àwọn tó gbé pósí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé ó ṣubú, pé ó ṣubú, títí mo fi dìde kí n lọ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ìyá àgbà fa aṣọ mi. Ó ní kí n jókòó. “Bí wọ́n bá gbà pé ó ṣubú,” ni ó wí, “wọn yóò ṣì máa gbé e dìde.” Mo jókòó, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn, ìdí sì nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

N óò sọ òótọ́ ohun tó ń dẹ́rù bà mí lẹ́yìn ìsìnkú náà. Mo rò pé òun nìkan ló dúró láàárín abúlé yẹn àti táyà. Ìkíni lè kú, ọ̀nà odò lè tún di igbó. Bí ọwọ́ bá tún tẹ ẹnìkan, àyà ta ni yóò kan ilẹ̀? Mo ń rò ó ní ọkọ̀, mo ń rò ó nídìí iṣẹ́, Ìyá àgbà sì ṣì ń gbé níbẹ̀.

Ní ọ̀sán kan, ọkọ̀ ojú omi mélòó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní èbúté, ariwo pọ̀ ní ọ́fíìsì, fóònù mi dún. Étienne ni. Kì í pè mí. Mo rò pé nǹkan ti ṣe Ìyá àgbà ni. Ó ní, “Sista, we don catch tif-man. Na ma own cocoa e tif.”

Mo dìde lórí àga. Kòkó Étienne náà tún ni. Mo gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀, mo fetí sí irú ohùn tó jẹ́, n kò sì mọ̀ ọ́n. N kò lè béèrè ohun tí mo fẹ́ béèrè. Mo ní níbo ni ẹni náà wà báyìí.

Ó ní ọ̀dọ̀ ìyá òun ni, pé àwọn jándáàmù ti wà lọ́nà.

Mo ní, “Kí ló ń ṣe níbẹ̀?”

“E di chop,” ni Étienne wí. Ó ń jẹun.